Sìgá Tí Oyèdélé Kò Mu Tán

Sìgá náà ti jó dé ìdajì lọ́wọ́ Hezekiah Adéyẹ́misí nígbà tí Sàláúdéènì, olórí àwọn àkódà, yọ sí i ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Kúdẹtì. Sàláúdéènì kì í ṣe ẹni tí í gbàgbé ìkíni, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò kí ẹnikẹ́ni. Sìgá yẹn ló tẹjú mọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá náà pé níbo ló ti rí i.

Hezekiah ní Oyèdélé, oníṣòwò aṣọ ní Bẹ́yẹrúnkà, ló yọ ọ́ fún òun láàárọ̀ nígbà tí òun yà kí i, láti inú àpótí sìgá tuntun tí Gàfárù alátábà fi ewé tábà wé fún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀," ni Sàláúdéènì wí. "Oyèdélé ti kú. Irú èyí gan-an ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ṣubú."

Ọwọ́ Hezekiah ṣí fúnra rẹ̀. Sìgá náà bọ́ sílẹ̀, eérú funfun tó wà ní ẹnu rẹ̀ sì fọ́ sórí iyanrìn.

Ògbufọ̀ ni Hezekiah ní kóòtù òyìnbó fún ọdún gbọọrọ, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, tí orí òkè Màpó ṣì jẹ́ àpáta àti koríko. Ibi tó ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ olè fún adájọ́, tó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ adájọ́ fún olè, ló ti mọ bí irọ́ ṣe ń rìn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn àkódà kò jẹ́ kó sinmi. Ẹjọ́ tó bá ti ta kókó, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ohun kan ṣoṣo tí ìjọ ń bá a wí lé lórí ni sìgá, kò sì lè fi í sílẹ̀. Kì í mu ún lámupara. Adùn rẹ̀ ló ń wá, bí ẹlòmíràn ṣe ń wá adùn ẹmu ògùrọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Fúnra rẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń fi ìka tẹ ewé láti mọ̀ bó bá gbẹ jù, bí a ṣe ń gbé èéfín sẹ́nu láìgbé e mì, tí a óò jẹ́ kó yí ẹnu ká kó tó jáde.

Èyí tó bọ́ sílẹ̀ yìí, ó ti ń dá a lẹ́jọ́ láti ìgbà tó ti ṣáná sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ta bí iyèré. Nígbà tó jó wọlé díẹ̀, títa náà rọlẹ̀, òórùn igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là gba ipò rẹ̀, adùn kan bíi ti kòkó gbígbẹ sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó wúwo, ó kún ẹnu, síbẹ̀ kò há lọ́fun. Bàbá náà ti ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé Gàfárù kò wé irú rẹ̀ rí.

Àfi bí ahọ́n tó ń yin sìgá ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ikú lára ara rẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Orí rẹ̀ fúyẹ́, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ó mọ̀ pé sìgá tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ a máa fi òòyì kọ́ ẹni tí kò jẹun, òun kò sì tíì jẹun. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù pàápàá a máa mú kí àyà lù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a ya èyí tó jẹ́ ti tábà sọ́tọ̀, kó ya ti ẹ̀rù sọ́tọ̀, kó wá fi ti májèlé hàn án?

Louisa, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ilé ìdáná. Ó gbé epo pupa wá nínú igbá, ó ní kó mu ún. Epo ṣàn sí irùngbọ̀n Hezekiah. Louisa, tó máa ń ráhùn ojoojúmọ́ nítorí òórùn sìgá, kò ráhùn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí gìrì ń gbé.

Oòrùn yí. Bàbá náà kò kú.

Nígbà náà ni Sàláúdéènì tó sọ èyí tó kù. Wọ́n ti mú Gàfárù. Àwọn èrò Ọjà'ba ti lù ú kí àwọn àkódà tó yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti da ewé tábà rẹ̀ sójú àgbàrá, gbogbo ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jù ú nù káàkiri Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lọ́la ni wọn óò gbé e dé iwájú òyìnbó ajẹ́lẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gbè é, okùn ni.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ mu irú rẹ̀ tí ẹ ṣì wà láàyè," ni Sàláúdéènì wí. "Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí tó kù fún un."

"Títí di ìsinsìnyí ná," ni Hezekiah dáhùn. Ó dìde.

*

Ilé Oyèdélé ní Bẹ́yẹrúnkà ti kún fún ẹkún. Wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ sí yàrá inú, ṣùgbọ́n Sàláúdéènì ti fi àkódà kan ṣọ́ yàrá iwájú níbi tó ti ṣubú, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Hezekiah dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó ń ṣe é bíi pé afẹ́fẹ́ inú yàrá náà pàápàá ní ikú nínú.

Ẹ̀bùnọlá, ìyàwó olóògbé, ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọmọdé obìnrin ni, kò tíì pẹ́ tó wọlé ọkọ. Ó ní ọkọ òun àti Ọlábọ̀wálé àbúrò rẹ̀ jọ jẹun nínú àwo kan náà, kò sì sí ohun tó ṣe Ọlábọ̀wálé. Lẹ́yìn oúnjẹ ni Oyèdélé mú sìgá. Kò pẹ́ tó fi ké sí òun fún omi, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo lẹ́nu rẹ̀. Kí òun tó gbé omi dé, ó ti wà nílẹ̀.

Hezekiah béèrè bóyá sìgá àkọ́kọ́ tó mú nínú àpótí náà nìyẹn.

"Rárá, bàbá. Lálẹ́ àná tí wọ́n gbé e wá, ó mu ọ̀kan. Ó sùn dáadáa, ó jí dáadáa."

Hezekiah fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ Gàfárù ni májèlé ti wá, ó yẹ kí Oyèdélé ti kú lálẹ́ àná. Ẹni tó ṣe é, inú ilé yìí ló ti ṣe é, láàárín òru sí àárọ̀.

Ta ló wà nínú ilé? Ẹ̀bùnọlá wà níbẹ̀. Ọlábọ̀wálé wà níbẹ̀, géńdé tó bá iṣẹ́ ojú irin lọ sí òkè ọya, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Ẹnì kẹta ni Sàlámì, aládùúgbò wọn, aláṣọ bíi Oyèdélé. Òun àti olóògbé ti bá ara wọn jà ní gbangba nítorí ààyè ìpàtẹ kan ní Ọjà'ba, àárọ̀ ọjọ́ náà ló sì wá láti parí ìjà. Wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá iwájú kí Oyèdélé tó wẹ̀ tán, àpótí sìgá sì wà lórí tábìlì.

Sàlámì ni Sàláúdéènì fura sí, kò sì fi bò. Ó béèrè ìdí tí Sàlámì kò fi gba sìgá tí olóògbé nà sí i.

"Àyà mi kò gba èéfín," ni Sàlámì wí. "Ẹ bi gbogbo àdúgbò."

"Àyà tí kò gba èéfín, ó gba ìjà," ni àkódà wí.

Sàlámì fẹ́ fèsì, ikọ́ gbé e, ó wú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Hezekiah wò ó. Ikọ́ tí a fi ṣe ẹ̀tàn kì í mú iṣan ọrùn wú bẹ́ẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Sìgá Oyèdélé wà lábẹ́ àga, níbi tó yí sí. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé kò tíì jó ju èékánná lọ. Ohun kejì mú kí irun ọrùn rẹ̀ dìde. Èèrà pọ̀ ní orí sìgá náà, níbi tí ẹnu máa ń wà, gbogbo wọn ló sì ti kú. Àwọn kan kú sórí rẹ̀, àwọn kan kú sójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń padà lọ.

Láti ìgbà tó ti ń tọ́jú sìgá nílé, Hezekiah kò rí èèrà kan rí lára wọn. Èèrà kì í fẹ́ràn tábà. Kí ni wọ́n wá ṣe níbí? Ó di èémí rẹ̀ mú, ó sún mọ́ ọn, ó fa òórùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì yára fà sẹ́yìn. "Oyin ni," ni ó wí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Òun mu sìgá dé ìdajì, òun wà láàyè. Oyèdélé mu tirẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná, ó kú. Èéfín kọ́ ló pa á. Oyin ni wọ́n fi lẹ májèlé mọ́ orí sìgá. Kí ni Oyèdélé ń ṣe tí òun kì í ṣe? Ó rí i lójú inú rẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń ṣe é: a fi eyín gé orí sìgá, a sì máa jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ orógbó, títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Hezekiah ti máa ń fi ìwà yẹn dá a lápàrá. Òun ní tirẹ̀, ọ̀bẹ ni òun fi ń gé e, òun a sì sọ orí náà nù.

Ó yọ ọ̀bẹ kékeré náà nínú àpò. Ó rántí pé ó lẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀, pé òun rò pé ẹ̀kọ tí Gàfárù fi ń lẹ ewé ni. Ó gbé e símú. Oyin wà níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn tó gé sìgá yẹn, ó ti fi ọ̀bẹ yìí kan náà lọ Louisa pé kí òun bó ọsàn fún un, Louisa sì ní kó fi ọsàn sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó wé ọ̀bẹ náà sínú aṣọ kó tó dá a padà sínú àpò.

*

Àwọn àkódà tú ilé láti wá oyin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ìgò oyin kan láàárín aṣọ Ẹ̀bùnọlá, ó wé e mọ́ inú ìró. Sàláúdéènì ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọbìnrin náà wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ Hezekiah. Ó ní inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni oyin náà máa ń wà, tí gbogbo ilé ń bù ú. Nígbà tí òun gbọ́ tí bàbá náà dárúkọ oyin, òun rántí pé òun lòun rà á, ẹ̀rù sì bà òun, òun sì lọ fi í pamọ́.

Hezekiah gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí omijé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ló ṣe é, ó ti ráàyè da ìgò náà sínú odò Kúdẹtì tipẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà nìkan ló ń fi nǹkan pamọ́ sáàárín aṣọ ara rẹ̀.

Láìsọ ìdí rẹ̀, ó rán Sàláúdéènì sí Louisa kó fún un ní àwọn sìgá tí Gàfárù ti wé fún òun lóṣù tó kọjá. Nígbà tó dé, Hezekiah gbé àpótí Oyèdélé wọ yàrá kótópó kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Gbogbo èyí tó wà nínú àpótí ni orí wọn ń rùn fún oyin. Ó fi aṣọ mú wọn jáde, ó dì wọ́n, ó fi wọ́n pamọ́ sí igun yàrá. Ó nu àpótí náà, ó da tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n ewé kan náà ni, àwọ̀ kan náà, ọwọ́ kan náà ló wé wọn, ọkàn tí ẹ̀rù sì ti wọ̀ kì í gbọ́ ìdánilójú. Ó tún wọn gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó jáde, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí òun ká lórí ẹní, ó sì ní kí Ẹ̀bùnọlá gbé ẹ̀pà yíyan kalẹ̀ sáàárín.

Ó sọ fún wọn pé òun ti rí ìdí ọ̀ràn: oyin kọ́, inú èéfín sìgá náà ni ikú wà, Gàfárù ti fi nǹkan sínú ewé. Kí òun tó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ajẹ́lẹ̀, òun fẹ́ kí wọ́n bá òun dá sìgá náà lẹ́jọ́. Wọn kò ní ṣáná sí i. Kí wọ́n kàn mú un lọ́wọ́, kí wọ́n fi ìka tẹ orí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n gbóòórùn ara rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá rí.

Òun ló kọ́kọ́ mú ọ̀kan. Ó tẹ orí rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá imú, ó ní ó ń rùn bí ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí. Ẹ̀bùnọlá tẹ tirẹ̀, ó ní ó dà bí inú àpótí aṣọ ìyá òun. Sàlámì ní awọ ewúrẹ́ ni òun ń gbọ́. Ọlábọ̀wálé mú tirẹ̀ ní ìdí, ó wò ó.

"Tábà ni, bàbá," ni ó wí.

"Tẹ orí rẹ̀," ni Hezekiah wí. "Ó le, àbí ó rọ̀?"

Gbogbo wọn ló ń wò ó. Ó tẹ ẹ́. Ó ní ó le.

Hezekiah na ọwọ́ sí ẹ̀pà. Ìka tó fi tẹ sìgá ló fi mú un. Fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀pà náà dúró lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta, kò lè jẹ ẹ́. Ó ronú kan Louisa. Lẹ́yìn náà ó rún un, ó gbé e mì, ó sì ní kí wọ́n bá òun jẹ. Ẹ̀bùnọlá mú díẹ̀ nítorí pé àgbàlagbà ló ní kó jẹ. Sàlámì kó ẹ̀kúnwọ́.

Ọlábọ̀wálé náà mú ẹ̀pà. Ó dì í mọ́ ọwọ́. Ọwọ́ náà wà lórí itan rẹ̀, kò gòkè.

"Ọlábọ̀wálé, jẹun."

"Bàbá, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú kò lè jẹun."

"Òótọ́ ni," ni Hezekiah wí. "Ṣùgbọ́n kí lo fi ń nu ìka rẹ sí ẹní?"

Ọwọ́ náà dúró.

Hezekiah kò gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Mo sọ fún yín pé inú èéfín ni ikú wà. Àwọn wọ̀nyí gbà mí gbọ́, ìdí nìyẹn tí ìka wọn kò fi bà wọ́n lẹ́rù. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé orí sìgá ni wọ́n fi í sí."

Ọlábọ̀wálé kò sẹ́ pé òun ló fi oyin lẹ májèlé mọ́ orí àwọn sìgá náà lóru. Ojú ilẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní àfẹ́sọ́nà òun ni Ẹ̀bùnọlá. Òun bá iṣẹ́ ojú irin lọ kí òun lè padà wá gbé e níyàwó, òun sì fi í lé ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́ láti máa bá òun wò. Nígbà tí òun dé, ó ti di aya ẹ̀gbọ́n òun. Oyèdélé kò tilẹ̀ bẹ òun. Ó ní kí òun jókòó kí àwọn jọ jẹun, àwọn sì ń jọ jẹun láti ọjọ́ yẹn.

"Nígbà tó bá kú, èmi ni wọn óò ṣú u lópó fún," ni ó wí. "Mo fẹ́ kó padà sọ́dọ̀ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti ki ìka mẹ́ta tó fi tẹ sìgá bọ ẹnu, ó ń lá wọn. Sàlámì fò dìde. Sàláúdéènì fẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ nù, ó rántí ohun tó wà lára rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ọlábọ̀wálé na gbalaja sórí ẹní, ó di ojú, ó sì ń retí.

Hezekiah náà ń retí. Ó mọ ohun tó ṣe nínú yàrá kótópó yẹn, ṣùgbọ́n ó ń wo àyà ọ̀dọ́mọkùnrin náà bó ṣe ń lọ sókè sódò, àyà tirẹ̀ náà sì ń lù. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ló ṣì wà nínú àpótí náà ńkọ́? Ó wo Ẹ̀bùnọlá. Ó wo ìka tirẹ̀. Ẹkún àwọn obìnrin ń wá láti inú lọ́hùn-ún, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àyà Ọlábọ̀wálé kò dúró.

"Dìde, ọmọ mi," ni Hezekiah wí nígbẹ̀yìn. "Sìgá ilé mi ni. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀."

Ọlábọ̀wálé la ojú. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó títí. Ó di ẹsẹ̀ bàbá náà mú.

"Ṣé wọn óò so mí kọ́ ni, bàbá?"

Ó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú. Ẹ̀bùnọlá dìde láìwo ẹ̀yìn, ó wọ yàrá tí òkú ọkọ rẹ̀ wà, ó sì ti ilẹ̀kùn.